Danggui: Egbòogi Amárágbóná Tí Àwọn Obìnrin Ilẹ̀ Ṣáínà Kì Í Dá Lò

Ní nǹkan bíi 1,800 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ilẹ̀ Ṣáínà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, tí àwọn ọ̀gágun ń bára wọn du agbára, Cao Cao tó ń ṣàkóso apá àríwá fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́ sí jagunjagun kan tó ń jẹ́ Taishi Ci. Ọmọ àríwá ni Taishi Ci, ṣùgbọ́n ìdílé Sun tó ń jọba lápá gúúsù ló ń jagun fún. Nígbà tó ṣí àpótí náà, kò bá wúrà níbẹ̀, kò sì bá ìwé kankan. Gbòǹgbò gbígbẹ ló bá níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn baba wa ṣe ń pàrokò kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tí èyí jẹ́. Danggui ni orúkọ gbòǹgbò ọ̀hún, ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Ṣáínà sì ni "ó yẹ kó padà". Cao Cao ń ké sí i pé kó máa bọ̀ nílé. Taishi Ci kò padà. Apá gúúsù ló kú sí lọ́dún 206.

Ìtàn mìíràn tó jọ ọ́ ni ti Jiang Wei, ọ̀gágun tó bọ́ sọ́dọ̀ ìjọba Shu lọ́dún 228, tó sì fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó di ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ní ìyá náà kọ̀wé sí i pé kó bá òun wá danggui. Ọmọ mọ ohun tí ìyá ń wí. Ohun tó fi dá a lóhùn ni pé yuanzhi nìkan ló wà lọ́wọ́ òun, kò sí danggui. Gbòǹgbò oògùn ni yuanzhi náà, ṣùgbọ́n bí a bá tú orúkọ rẹ̀, "èrò tó lọ jìnnà" ni.

Gbòǹgbò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ogun ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà kà sí olórí nínú egbòogi àwọn obìnrin títí di òní yìí. Obìnrin tí inú ń run nígbà nǹkan oṣù, èyí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í dé lásìkò, ìyá ìkókó tí ara rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò, àti èyí tí ojú rẹ̀ ṣì funfun nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbo tí wọ́n máa se fún wọn tí danggui kò ní í sí nínú rẹ̀. Lára ìgò oògùn tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "dong quai" ni wọ́n sábà máa ń kọ. Àwọn mìíràn a kọ "tang-kuei". Ohun kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn ọlọ́jà tún máa ń pè é ní jínsẹ́ẹ̀nì àwọn obìnrin, bẹ́ẹ̀ danggui àti jínsẹ́ẹ̀nì kì í ṣe ohun kan náà.

Li Shizhen, oníṣègùn ńlá tó gbé ayé láàárín ọdún 1518 sí 1593, tó kọ ìwé Bencao Gangmu nípa egbòogi, so orúkọ náà mọ́ ọkọ àti aya: egbòogi tó ń tún ẹ̀jẹ̀ obìnrin ṣe, tó sì ń rán ni létí aya tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkọ rẹ̀ pé kó padà wálé. Àwọn oníṣègùn mìíràn sọ pé ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó padà sí ààyè rẹ̀, pé ìdí tí wọ́n fi sọ egbòogi náà lórúkọ nìyẹn. Èyí ó wù kó jẹ́, orúkọ náà ti pẹ́ ju Li Shizhen lọ fíìfíì, nítorí ó ti wà nínú Shennong Bencao Jing, ìwé egbòogi tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nílẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n kó jọ láyé ìjọba Han. Ìpele àárín ni ìwé náà fi í sí, láàárín àwọn egbòogi tí ènìyàn lè máa lò pẹ́ títí àti àwọn tó lágbára tí wọn kì í lò ju ìgbà díẹ̀ lọ.

Ẹbí kan náà ni danggui àti kárọ́ọ̀tì. Angelica sinensis ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ewé rẹ̀ là sí wẹ́wẹ́, òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì tò jọ lórí ọ̀pá bí agboorùn tí a ṣí sílẹ̀. Orí òkè tó tutù ló fẹ́ràn. Wọ́n ń gbìn ín ní Yunnan, ní Sichuan àti ní Hubei, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn oníṣègùn máa ń béèrè fún ni ti Minxian ní ìpínlẹ̀ Gansu, ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Ṣáínà, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju 2,000 mítà lọ sókè òkun. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ gbìn ín gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Ní ọdún àkọ́kọ́, irúgbìn kékeré lásán ló ń tọ́. Kí òtútù líle tó dé, á hú wọn, á tọ́jú wọn síbi tó tutù títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn náà á tún wọn gbìn. Ìgbà tó bá di nǹkan bí oṣù kẹwàá ọdún kejì ló tó lè wà á. Ohun tó máa ń já àgbẹ̀ kulẹ̀ jù ni pé kí igi náà yọ òdòdó ní ọdún kejì yìí. Bí ó bá ti yọ òdòdó, gbòǹgbò rẹ̀ á le gbandi bí igi ìdáná, kò tún wúlò fún oògùn mọ́.

Wọn kì í sá a sóòrùn lásán. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó rọ díẹ̀, wọ́n á dì í ní ìdì kéékèèké, wọ́n á tò ó sórí àjà, wọ́n á sì máa fi èéfín gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí àwọn obìnrin etí odò ṣe ń yan ẹja. Èyí tó bá dára, awọ ara rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, inú rẹ̀ á funfun díẹ̀, epo á wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo yàrá. Bí a bá fi kan ahọ́n, adùn ló ń kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni títa, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkorò díẹ̀. Ìwé òfin oògùn ilẹ̀ Ṣáínà sọ ọ́ ní kedere pé èyí tó bá le bí igi, tó gbẹ tí kò ní epo, tàbí tí inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, kò ṣeé lò.

Kódà gbòǹgbò kan ṣoṣo yìí, wọ́n tún pín in. Orí rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ara rẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ náà sì ní tiwọn. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ gbà pé ara rẹ̀ ń bọ́ ẹ̀jẹ̀, pé ìrù rẹ̀ ló ń lé ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kí agbára ìléni yìí pọ̀ sí i, wọ́n á fi ọtí ìrẹsì wọ́n ọn, wọ́n á sì yan án nínú agbada.

Kí ni wọ́n wá ń pè ní egbòogi amárágbóná? Nínú ìmọ̀ ìṣègùn Ṣáínà, ohun gbogbo tí ènìyàn ń jẹ tàbí tó ń mu ló ní ìwà tirẹ̀: òmíràn gbóná, òmíràn lọ́ wọ́ọ́rọ́, òmíràn tutù díẹ̀, òmíràn tutù rinrin. Kì í ṣe bí iná ṣe gbóná tó lábẹ́ ìkòkò ni wọ́n ń wò, ohun tí nǹkan náà ń ṣe lára ẹni tó jẹ ẹ́ ni. Danggui wà lára àwọn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn oníṣègùn yìí gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ìlera obìnrin, àti pé bí òtútù bá wọ ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ kò ní í rìn dáadáa mọ́. Ẹni tó bá ti rí bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò lásìkò ọyẹ́ yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí a bá gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, epo á yọ́, á sì máa ṣàn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà pé danggui ń ṣe nínú ara obìnrin nìyẹn.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo inú rírun ni wọ́n ń torí rẹ̀ bu danggui. Oníṣègùn á kọ́kọ́ béèrè: ṣé ìrora náà máa ń dín kù bí obìnrin náà bá gbé ohun gbígbóná lé ìsàlẹ̀ ikùn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúdú tó sì ń dì, àbí ó pọ́n yòò tó sì ń ya? Ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù? Á wo ahọ́n rẹ̀, á sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láti mọ bí iṣan ṣe ń lù. Bí obìnrin náà bá jẹ́ ẹni tí ooru ń mú, tí òǹgbẹ ń gbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ya, danggui lè má sí nínú àgbo rẹ̀ rárá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ máa ń ṣí, wọ́n á ṣọ́ra, torí danggui máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún àwọn arúgbó tí ìgbẹ́ wọn le.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ìlò rẹ̀ jọ ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní àsèjẹ. Zhang Zhongjing, oníṣègùn kan tó gbé ayé ní òpin ìjọba Han, kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Jin Gui Yao Lüe. Orí mẹ́ta gbáko ló yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ obìnrin: ọ̀kan fún aboyún, ọ̀kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀kan fún àwọn àìsàn yòókù. Fún ìyá ìkókó tí inú ń lọ́, ohun tó ní kí wọ́n sè ni danggui ìwọ̀n liang 3, ata ilẹ̀ tútù ìwọ̀n liang 5, àti ẹran àgùntàn ìwọ̀n jin 1, èyí tó jẹ́ liang 16. Kí wọ́n sè é títí omi tó jẹ́ ìwọ̀n 8 yóò fi ku 3, kí ìyá sì máa mu ún ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bí òtútù bá pọ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n fi kún ata ilẹ̀ náà títí yóò fi tó jin 1 odindi. Ẹ kíyè sí i pé ẹran ló pọ̀ jù nínú ìkòkò, ata ilẹ̀ ló tẹ̀ lé e, danggui ló kéré jù. Oúnjẹ ni kó tó di oògùn. Ọbẹ̀ yìí kan náà ni Zhang Zhongjing ní kí wọ́n sè fún ẹnikẹ́ni tí òtútù ń mú ikùn rẹ̀ ro, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe obìnrin nìkan ló ni danggui gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìpolówó ṣe ń sọ.

Wọ́n ṣì ń se ọbẹ̀ náà títí dòní ní ìgbà òtútù, àti nínú oṣù kan tí àwọn ará Ṣáínà fi ń tọ́jú ìyá ọmọ tuntun. Ní oṣù náà, ìyá kì í jáde kiri, kì í fọwọ́ kan omi tútù, ohun gbígbóná ni wọ́n sì ń fún un jẹ. Àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ Yorùbá tó ń fi omi gbígbóná jó ikùn abiyamọ kò ní í rí èyí bí ohun àjèjì.

Láti ìgbà Zhang Zhongjing, ìwé lẹ́yìn ìwé ló ń dárúkọ danggui, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹgbẹ́ ni. Àgbo tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Si Wu Tang, ìyẹn "àgbo ohun mẹ́rin". Danggui, chuanxiong, gbòǹgbò òdòdó peony funfun, àti gbòǹgbò rehmannia tí wọ́n ti sè di dúdú ni ohun mẹ́rin náà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nínú ìwé àwọn tó ń to egungun, tí wọ́n ń tọ́jú ẹni tó fara pa, ni àgbo yìí ti kọ́kọ́ yọjú láyé ìjọba Tang. Nígbà tí ilé oògùn ìjọba Song kó ìwé àwọn àgbo tirẹ̀ jọ ni ó di ti àwọn obìnrin. Méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, danggui àti chuanxiong, ń mú kí ẹ̀jẹ̀ rìn. Méjì yòókù ń mú kó dúró kó sì pọ̀ sí i. Bí a bá yọ méjì kan kúrò, iṣẹ́ yàtọ̀. Nílùú Taiwan, wọ́n ti ń rọ Si Wu sínú ìgò bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àwọn ọ̀dọ́bìnrin sì ń rà á mu nígbà tí nǹkan oṣù wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró.

Fu Qingzhu, tó gbé ayé láàárín ọdún 1607 sí 1684, tó jẹ́ oníṣègùn tó tún mọ àwòrán yà, ni wọ́n mọ̀ mọ́ Shenghua Tang, àgbo tí wọ́n ń fún ìyá lẹ́yìn ìbímọ. Nínú ìyẹn, danggui ló ṣe gírígírí, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ata ilẹ̀ yíyan tó wà níbẹ̀. Li Dongyuan ní tirẹ̀, nínú ìwé tó jáde lọ́dún 1247, fi danggui ìdá kan pọ̀ mọ́ ìdá márùn-ún huangqi, ó sì pè é ní àgbo tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò rò pé ó ṣi ìwọ̀n, nítorí danggui ni egbòogi ẹ̀jẹ̀, huangqi sì jẹ́ egbòogi okun. Èrò Li Dongyuan ni pé okun ló ń dá ẹ̀jẹ̀, pé kò sí bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe pọ̀ lára ẹni tí okun ti tán nínú rẹ̀. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Hong Kong se méjèèjì pọ̀ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n 5 sí 1 yìí ló ń fa àwọn èròjà tí wọ́n ń wá jáde jù sínú omi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí àwọn òyìnbó gbọ́ nípa rẹ̀. Lọ́dún 1899, ilé iṣẹ́ Merck ti Jámánì fa omi danggui jáde, ó pè é ní Eumenol, ó sì ń tà á fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù ń dà láàmú. Kò sí àgùntàn níbẹ̀, kò sí ata ilẹ̀, kò sí egbòogi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan, kò sì sí ẹni tó ń di ọwọ́ mú wo iṣan kó tó fún ni. Láti ìgbà náà, danggui ti ń dá rìn. Ní òpin ọ̀rúndún ogún, hóró rẹ̀ ti kún àwọn ilé ìtajà oúnjẹ afúnnilókun nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń tà á fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, tí ooru ń dédé bò láàárín òru. Ẹni tó bá mọ ìlànà ìbílẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe kàyéfì: egbòogi tó ń mú ara gbóná ni wọ́n ń fún ẹni tí ooru ń yọ lẹ́nu.

Àwọn oníṣègùn òyìnbó dán an wò. Lọ́dún 1997, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ California jáde. Obìnrin 71 ló kópa nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn kan ń gba danggui, àwọn yòókù ń gba hóró tí kò ní oògùn nínú, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó ń gbà. Nígbà tó parí, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn: ooru tó ń bo àwọn tó gba danggui kò dín ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tó gbára lé ìṣègùn Ṣáínà yára fèsì pé wọn kì í dá danggui lò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2008, àbájáde mìíràn jáde láti Hong Kong, níbi tí wọ́n ti fún obìnrin 100 ní àgbo Li Dongyuan, ti ìdá kan sí márùn-ún, fún oṣù mẹ́fà. Ooru tó rọra ń mú ni nìkan ni àgbo náà borí, kò ju hóró lásán lọ fún èyí tó le. Nítorí náà, àwáwí pé kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò tó láti gba danggui sílẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Lórí inú rírun nígbà nǹkan oṣù, ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú. Àyẹ̀wò ńlá kan tí ẹgbẹ́ Cochrane ṣe lọ́dún 2008 kó ìwádìí 39 jọ, èyí tí obìnrin 3,475 kópa nínú wọn. Ó dà bí ẹni pé àwọn àgbo Ṣáínà ń ran àwọn obìnrin náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí ọ̀hún kò dúró dáadáa. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ti fi Si Wu Tang wé hóró lásán lára obìnrin 78 ní Taiwan, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé nínú ìrora ní àkókò tí wọ́n ń lò ó. Ohun tó dájú ni pé danggui kì í ṣe igi lásán. Àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀, pàápàá ferulic acid àti ligustilide, ti fi hàn ní ilé ìwádìí pé wọ́n lè mú kí iṣan ilé ọmọ dẹ̀, kí àwọn èèpá ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì má sì tètè so pọ̀.

Agbára yìí gan-an ni ewu rẹ̀. Lọ́dún 1999, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa obìnrin ẹni ọdún 46 kan tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, tó sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oògùn náà bá a lára mu. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo hóró danggui lẹ́yìn, kò sì sọ fún dókítà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ kó tó dì, tí kò ju 2.3 lọ tẹ́lẹ̀, ti gòkè dé 4.9. Wọn kò rí ìdí mìíràn. Nígbà tó dáwọ́ danggui dúró, nǹkan padà sípò láàárín oṣù kan. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kiri, bí ó bá ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ọpọlọ rẹ̀.

Nítorí èyí, ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún láìpẹ́, kò gbọ́dọ̀ fi danggui kún un. Obìnrin tó ní kókó nínú ilé ọmọ, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya bí omi, wà lára àwọn tó yẹ kó yẹra fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ ọmú, nítorí pé nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe nínú ìgò, omi danggui mú kí irú kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú máa pọ̀ sí i. Ti aboyún díjú díẹ̀. Zhang Zhongjing fúnra rẹ̀ fi danggui sínú egbòogi aboyún tí inú ń run, pẹ̀lú egbòogi márùn-ún mìíràn, àwọn oníṣègùn Ṣáínà sì ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ojú oníṣègùn ló wà lára aboyún yẹn. Kò sí ìwádìí tó fi hàn pé hóró tí aboyún lọ rà fúnra rẹ̀ lọ́jà kò léwu fún ọmọ inú rẹ̀, àwọn dókítà òde òní sì ń sọ pé kí wọ́n má ṣe lò ó rárá.

Ewu mìíràn wà tí kò ti ara danggui wá, orúkọ ló ti ń wá. Ní Japan, toki ni wọ́n ń lò nínú àgbo wọn dípò danggui. Ìbátan rẹ̀ ni, Angelica acutiloba, àmọ́ kì í ṣe òun gan-an. Àwọn ọlọ́jà kan sì máa ń ta gbòǹgbò lovage ti ilẹ̀ Yúróòpù lórúkọ danggui, nítorí wọ́n jọra lójú, òórùn wọn sì sún mọ́ra. Ìwọ̀nyí kò pani, wọ́n kàn ń jẹ oníbàárà lówó ni. Ṣùgbọ́n ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nǹkan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ sí egbòogi Ṣáínà mìíràn. Wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn ní oògùn tó yẹ kí gbòǹgbò kan tó ń jẹ́ fangji wà nínú rẹ̀. Guangfangji, tí orúkọ rẹ̀ fara jọ ọ́, ni wọ́n bu sí i. Májèlé kíndìnrín ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kíndìnrín wọn bàjẹ́, àwọn mìíràn nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà.

Oògùn ìbílẹ̀ Ṣáínà kì í ṣe àjèjì lọ́jà Nàìjíríà mọ́, ìgò tí wọ́n kọ "dong quai" sí lára, tàbí tó jẹ́ pé òun wà lára ohun mẹ́wàá tí wọ́n pò pọ̀, kò ṣòro láti rí. Nọ́ńbà NAFDAC ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ènìyàn wá lára irú ìgò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó ka orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ títí dé èyí tí wọ́n kọ tínńtín sísàlẹ̀. Ìwọ̀n tí ìwé òfin oògùn ilẹ̀ Ṣáínà fọwọ́ sí fún àgbo ni gíráàmù 6 sí 12 gbòǹgbò gbígbẹ lójúmọ́. Ìwé náà sì ní ferulic acid inú gbòǹgbò ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ dín sí 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ hóró tí wọ́n ń tà kò sọ nǹkan kan nípa èyí. Obìnrin tí inú rírun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, àti ìyá ìkókó tí ibà bá inú rírun rẹ̀ dé, ilé ìwòsàn ni ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n sì kó ìgò oògùn tí wọ́n ti ń lò dání kí dókítà rí i.